Bí Yàrá Inú Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Tún Ara Wọn Tò Kí Ara Tó Lè Dá Ọ̀tá Mọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ wá. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, àwòrán tí mo fi hàn lójú ògiri nìkan ni mi ò lè kó síbí, màá ṣàlàyé wọn tí a bá débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò ni nǹkan tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, láti ìgbà tó ti gbé kòkòrò àrùn mì títí di ìgbà tó fi ẹ̀rí ẹ̀ han àwọn tó máa bá kòkòrò yẹn jà. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ààbò ara, ogun ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, sójà ara ń pa, sójà ara ń jẹ, sójà ara ń lé wọn jáde. Mi ò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ fi ojú ọ̀tá han àwọn tó fẹ́ jà, fífi ojú ọ̀tá hàn yìí gan-an niṣẹ́ tó le jù lójú tèmi, torí sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ ṣe é ní láti tú inú ara ẹ̀ palẹ̀, kó wá tún un tò lọ́nà mìíràn pátápátá láàárín wákàtí mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí T cell, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń dáàbò bo ara. T cell ló ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan nínú ààbò ara. Irú ẹ̀ kan wà tó ń ran B cell, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, lọ́wọ́ kó lè ṣe áńtíbọ́dì tó múná, ìyẹn pròtéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀tá, irú ẹ̀ mìíràn wà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. Ṣùgbọ́n T cell ò lè rí kòkòrò lódindi. Ẹ gbé bakitéríà kalẹ̀ síwájú ẹ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ohun tó lè dá mọ̀ ò ju ègé pròtéènì kékeré kan lọ, pẹ́pítáìdì là ń pe ègé yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú kòtò orí pròtéènì mìíràn tó ń jẹ́ MHC, lójú ara sẹ́ẹ̀lì wa. Rolf Zinkernagel àti Peter Doherty ló fi èyí hàn ayé ní Canberra, ní Ọsirélíà, lọ́dún 1974. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì kan sára eku, wọ́n wá rí i pé T cell inú eku yẹn ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ní fáírọ́ọ̀sì náà, kò sí wàhálà níbẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá gbé sẹ́ẹ̀lì eku tí MHC tiẹ̀ yàtọ̀ fún un, bí fáírọ́ọ̀sì kan náà tiẹ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, T cell ò ní yà sí i. Ìyẹn ni pé nǹkan méjì ló ń wò pa pọ̀, ègé ọ̀tá àti MHC tó gbé ègé yẹn. Ọdún 1996 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel.

Ó dáa, ta ló wá ń gé ọ̀tá wẹ́wẹ́, ta ló ń gbé ègé yẹn sínú kòtò MHC? MHC pín sí ọ̀nà méjì tó kàn wá lónìí. Class I wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara, ègé ohun tí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ń ṣe nínú ló sábà máa ń gbé jáde. Class II ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, òun ló ń gbé ègé ohun tí sẹ́ẹ̀lì gbé mì láti ìta, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló sì fi ṣe iṣẹ́ gidi: macrophage tó ń gbé kòkòrò mì tó sì ń run ún, B cell, àti èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ, dendritic cell.

Ralph Steinman àti Zanvil Cohn ló kọ̀wé nípa dendritic cell lọ́dún 1973, ní Rockefeller University ní New York. Inú ọlọ inú eku (spleen) ni wọ́n ti rí i, sẹ́ẹ̀lì kan tó ya ẹ̀ka gígùn gígùn síta, tó ń na ẹ̀ka yẹn tó sì ń fà á padà, tí kò jọ macrophage tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, torí ó kéré níye, ó sì ṣòro láti yà sọ́tọ̀. Steinman ò jáwọ́ nínú ẹ̀, ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ló fi ń tẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yìí. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ mú un ní pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ó gbà kí wọ́n lo dendritic cell tara ẹ̀ láti gbìyànjú ìtọ́jú fún un. Ọgbọ̀njọ́ oṣù September 2011 ló kú, ọjọ́ kẹta oṣù October ni wọ́n kéde pé ó wà lára àwọn tó gba Nobel, àwọn ìgbìmọ̀ ò mọ̀ pé ó ti kú, ìlànà wọn sì ni pé àwọn kì í fún òkú, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà báyìí. Yàrá yàrá ni inú sẹ́ẹ̀lì, awọ tín-ín-rín ló sì yí yàrá kọ̀ọ̀kan ká, ohun tó wà nínú ìkan ò lè ṣàdédé bọ́ sínú ìkejì. Tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé nǹkan mì, awọ ara ẹ̀ ló máa ká sínú, á yí nǹkan yẹn po, á já sínú, ó ti di àpò kékeré nìyẹn, endosome. Bí endosome bá ṣe ń wọlé lọ ni ásíìdì inú ẹ̀ ń pọ̀ sí i. pH ni wọ́n fi ń wọn ásíìdì, bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀ ń wálẹ̀. Níta ara sẹ́ẹ̀lì pH wà ní nǹkan bíi 7.4, nínú endosome àkọ́kọ́ ó ti ń sún mọ́ 6, tó bá fi máa dé lysosome tó jẹ́ yàrá ìkẹyìn, ó lè wálẹ̀ dé 4.5. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ nọ́ńbà yẹn o, tí pH bá fi ẹyọ kan wálẹ̀, ásíìdì ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú ásíìdì yẹn làwọn ẹ́ńsáímù tó ń gé pròtéènì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, cathepsin ni orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Christian de Duve ará Belgium ló ṣàwárí lysosome, 1955 ló sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tó máíkírómítà kan, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé lysosome ni ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń da ìdọ̀tí sí, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń lọ kú. Ibi tí mo fẹ́ ká ti bá ẹ̀kọ́ yẹn fà á díẹ̀ nìyí. Ẹni tó mú olè, tó wá dáná sun gbogbo ẹrù tí olè náà jí, kí ló fẹ́ fi han adájọ́ tí wọ́n bá dé kóòtù? Macrophage ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, tó bá gbé bakitéríà mì ó fẹ́ run ún pátápátá ni, ẹ́ńsáímù kún inú lysosome ẹ̀, láìpẹ́ pròtéènì ti di amino acid lásán, àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n fi to pròtéènì, kò sí ègé kankan tó gùn tó láti gbé sórí MHC. Dendritic cell ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ̀n ẹ́ńsáímù inú lysosome ẹ̀, wọ́n rí i pé ó kéré gan-an sí ti macrophage, ohun tó bá gbé mì sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó run. Ó ń dá ọwọ́ dúró. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí dídá ọwọ́ dúró yìí ló dá lé.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 fi hàn kedere. Wọ́n mú pròtéènì kan náà, wọ́n ṣe é ní oríṣi méjì, ìkan le, ẹ́ńsáímù lysosome ò tètè rí i gé, ìkejì sì rọ̀, kíákíá ló ń tú. Ègé tí T cell máa ń dá mọ̀ wà nínú àwọn méjèèjì bákan náà o, kò sí ohun tó wà nínú ìkan tí ò sí nínú ìkejì. Wọ́n wá fún eku. Téèyàn bá fojú lásán rò ó, á ní èyí tó tètè ń tú ló máa tètè mú ègé jáde, òun ló yẹ kó ta ara jí jù. Ó yí padà ni! Èyí tó le ni ara eku dáhùn sí jù, T cell ẹ̀ pọ̀ jù, áńtíbọ́dì ẹ̀ náà pọ̀ jù. Èyí tó ń tètè tú ti run tán kí wọ́n tó rí ẹ̀rí gbé jáde.

Kí n tó sọ bí àwọn yàrá ṣe ń tún ara wọn tò, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé MHC class II fúnra ẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Inú endoplasmic reticulum, yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ti ń hun ọ̀pọ̀ pròtéènì, ni wọ́n ti ń hun ún, ibẹ̀ sì kún fún oríṣiríṣi pròtéènì tara sẹ́ẹ̀lì. Tí kòtò orí MHC bá ṣófo níbẹ̀, nǹkankíǹkan lè bọ́ sínú ẹ̀. Nítorí náà pròtéènì kan wà tó ń jẹ́ invariant chain tó máa ń wá dí kòtò yẹn pa láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló tún máa júwe ọ̀nà fún MHC, pé má lọ sójú ara tààrà o, yà sọ́nà endosome. Tí wọ́n bá dé inú ásíìdì, ẹ́ńsáímù á bẹ̀rẹ̀ sí í gé invariant chain kúrò díẹ̀díẹ̀, cathepsin S ló ń gé apá ìkẹyìn, títí á fi ku ègé kékeré kan tó ń jẹ́ CLIP nínú kòtò. Pròtéènì mìíràn tó ń jẹ́ HLA-DM á wá ti CLIP jáde, á sì jókòó ti MHC títí ègé tó bá kòtò yẹn mu dáadáa á fi wọlé, ègé tí ò bá dì mọ́ ọn dáadáa, HLA-DM á tún tì í jáde. Ẹnu kòtò MHC class II ṣí lápá méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ègé tó gùn fi lè wọ̀ ọ́, amino acid bíi 13 sí 25, class I ní tiẹ̀ ò gbà ju 8 sí 10 lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtò iṣẹ́ yìí wú mi lórí gan-an, ásíìdì tó ń gé ọ̀tá ló tún ń gé ìdérí kúrò lórí MHC, yàrá kan náà, àsìkò kan náà.

Lọ́dún 1991 àwọn onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Netherlands fi electron microscope wo ibi tí MHC class II ń kó jọ sí nínú B cell. Wọ́n gé sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, wọ́n wá lẹ góòlù kéékèèké mọ́ áńtíbọ́dì tó ń wá MHC rí, ibi tí góòlù bá wà, tó tò dúdú dúdú nínú àwòrán, ibẹ̀ ni MHC wà. Inú yàrá tó jọ lysosome ni wọ́n bá a. Ọ̀rọ̀ yẹn ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí kí ni pròtéènì tó yẹ kó lọ jẹ́ iṣẹ́ lójú ara ń wá nínú ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan run?

Àwòrán tí mo fi hàn yín nìyí, màá ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa fún àwọn tí ò sí níbẹ̀. Yàrá róbótó kan, awọ kan yí i ká níta, inú ẹ̀ wá kún fún àpò róbótó kéékèèké mìíràn, àpò nínú àpò. Nínú dendritic cell tí ò tíì rí ewu kankan, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ góòlù dúdú yẹn wà lára àwọn àpò kéékèèké inú lọ́hùn-ún, díẹ̀ ló wà lára awọ ìta. MHC wà nílé, ohun tí sẹ́ẹ̀lì gbé mì wà nílé, ṣùgbọ́n wọn ò tíì pàdé dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì náà ń gbé nǹkan mì lọ ràì, ó ń kó o pa mọ́, ó ń dúró de ohun tó máa ta á jí.

Kí ló ń ta á jí? Ohun tó bá jẹ́ àmì ewu. Èyí tí wọ́n fi ń dán an wò jù nínú ilé ìwádìí ni LPS, èròjà ara awọ àwọn bakitéríà kan. Dendritic cell ní pròtéènì kan lára tó ń jẹ́ TLR4 tó ń dá LPS mọ̀. Bó bá ti bà á báyìí, ìròyìn ti dé inú, gbogbo nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á túbọ̀ máa gbé nǹkan mì fún ìgbà díẹ̀, á máa gbé e gbùù gbùù, bíi pé ó fẹ́ rí i dájú pé ohun tó wà láyìíká ní àsìkò ewu yẹn gan-an ló wà nínú òun. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wákàtí ṣe ń lọ, ó máa ti ẹnu ọ̀nà yẹn, kò tún ní fi bẹ́ẹ̀ mu omi àyíká ẹ̀ mọ́. Nínú lysosome, ẹ̀rọ tó ń fa ásíìdì wọlé tó ń jẹ́ V-ATPase, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ti wà ní ìdajì ìdajì tẹ́lẹ̀, apá kan lára awọ, apá kejì nínú omi sẹ́ẹ̀lì, àwọn apá méjèèjì á wá so pọ̀, ásíìdì á ga sókè, ẹ́ńsáímù á jí, invariant chain á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Ọdún 2003 ni wọ́n fi ìsopọ̀ yìí hàn. Ìdí tí mo fi ní ọwọ́ ló dá dúró tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì ò lágbára láti gé, ó ń fi agbára yẹn pa mọ́ di àsìkò tó mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ẹ tún padà wo yàrá róbótó yẹn. Àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ohun tí àwọn tó wò ó rí ni pé awọ àwọn àpò yẹn ń padà dà pọ̀ mọ́ awọ ìta, MHC tó wà lára wọn á wá di ti ara awọ ìta, tó ti gbé ègé ọ̀tá dání. Lẹ́yìn náà, yàrá tó rí róbótó á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pá síta. Ọ̀pá tín-ín-rín, gígùn, tó ń na ara ẹ̀ láti àárín sẹ́ẹ̀lì lọ sí etí. Orí microtubule ló ń gbà, àwọn okùn líle tó na jákèjádò inú sẹ́ẹ̀lì, pròtéènì tó ń jẹ́ kinesin ló ń fà á lọ síta, Arl8b ló ń so wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá fi oògùn tú microtubule ká, ọ̀pá kankan ò ní yọ.

Bí wọ́n ṣe rí i nìyí. Ní 2002 ẹgbẹ́ olùwádìí méjì tẹ ìwé jáde nínú Nature lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìkan láti Yale, ìkejì láti Harvard. Wọ́n lẹ GFP, pròtéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, mọ́ MHC class II, wọ́n wá ń wo sẹ́ẹ̀lì náà láàyè lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìmọ́lẹ̀ tó kó jọ sójú kan láàárín sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ jáde. Ní ti Harvard, wọ́n fi T cell sí i, ọ̀pá yẹn ò kàn lọ síbikíbi, ọ̀dọ̀ T cell tó fara kàn án ló ń dojú kọ. Tí kò bá sì jẹ́ T cell tó mọ ègé tí sẹ́ẹ̀lì yẹn gbé dání, ọ̀pá ò ní lọ bá a. Ẹ rò ó wò ná, sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ẹ̀rí hàn ń gbọ́ ohun tí ẹni tó ń wo ẹ̀rí ń sọ, àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ ni, inú ìkan ń yí nítorí ìkejì. Mo ti wo fídíò irú nǹkan yìí lọ́pọ̀ ìgbà, títí dòní mi ò lè wò ó kí n má dá a dúró ní àárín kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

MHC dé ojú ara, ó ku kó dúró síbẹ̀. Nínú dendritic cell tí ò tíì jí, ẹ́ńsáímù kan tó ń jẹ́ MARCH1 máa ń lẹ àmì kan tó ń jẹ́ ubiquitin mọ́ ìrù MHC, àmì yẹn ló ń sọ pé kí wọ́n dá a padà sínú, kó lọ run ní lysosome. Bó ṣe ń jáde ló ń padà wọlé. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ti jí, MARCH1 á dín kù gan-an, MHC á wá jókòó sójú ara. Ìwádìí kan ní 1997 wọn ìdajì ọjọ́ ayé MHC yìí, ìyẹn àkókò tí ìdajì wọn fi ń run, nǹkan bíi wákàtí 10 ló jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ò tíì jí, ó ju wákàtí 100 lọ lẹ́yìn tó jí. Àbájáde ẹ̀ ni pé ohun tí sẹ́ẹ̀lì gbé mì lásìkò ewu ló máa gbé dání kiri, ohun tó bá bá pàdé lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìyẹn ò lè fi bẹ́ẹ̀ gba ipò ẹ̀. Ó sì nílò ìyẹn, torí ó ní ìrìn àjò láti rìn, láti awọ ara tàbí inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí lymph node, àwọn kókó tó máa ń wú lábẹ́ abíyá tàbí lọ́rùn tí ara wa ò bá yá. Ibẹ̀ ni T cell ń gbà kọjá lọ kọjá bọ̀.

B cell náà ní tiẹ̀. Ohun tí B cell ń wá sábà máa ń wà lára ojú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́, kò ṣeé gbé mì. Tí B cell bá fara kan ohun tó ń wá, centrosome ẹ̀, ibi tí àwọn microtubule ti ń yọ, á ṣí kúrò láàárín lọ sí ibi tí wọ́n ti fara kàn, á kó àwọn lysosome tẹ̀ lé ara ẹ̀, lysosome á wá tú ásíìdì àti ẹ́ńsáímù síta, sí àlàfo tóóró tó wà láàárín wọn, ohun tó lẹ̀ yẹn á tú, B cell á fà á wọlé. Àwọn ará Institut Curie ní Paris ló tẹ èyí jáde ní 2011. Lysosome tí wọ́n ní kò kúrò nínú ilé, òun ló wá dé ẹnu ọ̀nà yìí.

Dendritic cell tún lè gbé ohun tó gbé mì sórí class I, Michael Bevan ló kọ́kọ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1976, ó ṣe pàtàkì fún jẹjẹrẹ àti fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gùn, ọjọ́ mìíràn la máa sọ ọ́.

Àwọn kòkòrò àrùn mọ gbogbo ètò yìí. Ìyẹn ló dá mi lójú pé àwọn yàrá yìí ṣe pàtàkì, torí ọ̀tá kì í lọ ba ohun tí kò pa á lára jẹ́. Bakitéríà tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí macrophage bá gbé e mì, kì í jẹ́ kí yàrá tó wà nínú ẹ̀ dàgbà di lysosome, kì í jẹ́ kí V-ATPase kó jọ síbẹ̀, ásíìdì ò ní tó, pH á dúró nítòsí 6.4, á wá máa gbé ibẹ̀ bí ilé ẹ̀. Salmonella, bakitéríà mìíràn, tún burú jù báyìí lọ ní ọ̀nà kan, ó ń tú pròtéènì kan tó ń jẹ́ SteD sínú sẹ́ẹ̀lì, SteD á lọ bá MARCH8, ìbátan MARCH1 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, á mú kó máa lẹ ubiquitin mọ́ MHC class II kó lè run. Ẹ̀rọ tara wa ló ń lò láti fi bá wa jà. Cytomegalovirus, fáírọ́ọ̀sì kan, ní tiẹ̀ ní pròtéènì US2 àti US11 tó ń fa MHC class I jáde láti ibi tí wọ́n ti ń hun ún, kí wọ́n lè lọ gé e dànù kó tó dé ojú ara rárá.

Tí a bá wá yíjú sí àjẹsára, ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ló ṣàlàyé nǹkan kan tó ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú tipẹ́. Tí wọ́n bá fọ pròtéènì kòkòrò mọ́ tónítóní tí wọ́n wá gún un lásán fún èèyàn, ara kì í sábà dáhùn dáadáa. Láti 1926 ni Alexander Glenny ti rí i pé téèyàn bá pò ó mọ́ iyọ̀ aluminium, ó ń ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adjuvant ni wọ́n ń pe irú àfikún yẹn. Charles Janeway ní 1989 ló dábàá pé ààbò ara ní láti ní ohun tó fi ń dá àmì kòkòrò mọ̀ kó tó jà, tí pròtéènì bá dá wá láìsí àmì ewu, kò ní kà á sí. Ní báyìí àjẹsára kan wà fún HPV, fáírọ́ọ̀sì tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ MPL sí pẹ̀lú aluminium, láti ara LPS ni wọ́n ti ṣe MPL, wọ́n ti yọ oró ẹ̀ dínkù, TLR4 náà ló sì ń tọ́. Nítorí náà, tí apá bá ń dun èèyàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ara ń gbóná díẹ̀, apá kan nínú ohun tó fà á ni pé àmì ewu ti dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí. Mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má torí ìyẹn sá fún abẹ́rẹ́ kejì.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí, méjì ni màá kọ síbí. Màámi kan tó jókòó níwájú ní, ṣé sẹ́ẹ̀lì yìí kì í gbé ègé ara wa fúnra wa jáde? Ó ń gbé e jáde, màámi, kódà ègé ara wa ló pọ̀ jù lára ohun tó wà lórí MHC nígbàkigbà. Tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé ègé ara wa jáde láìsí àmì ewu kankan, àwọn pròtéènì tó ń ṣètìlẹ́yìn bíi CD80 àti CD86 máa ń kéré lójú ara ẹ̀, T cell tó bá rí ègé yẹn nírú ipò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rọ̀ jẹ̀ẹ́ tàbí kó kú. Bí ara ṣe ń kọ́ láti má ba ara ẹ̀ jà nìyẹn, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí T cell ti kọ́ nínú thymus, ẹ̀yà ara kan nínú àyà tó ti ń dàgbà, kó tó jáde rárá. Ibi tí ètò yẹn bá ti bà jẹ́ ni àwọn àìsàn tí ara fi ń bá ara jà ti máa ń rí àyè wọlé.

Àbúrò kan lẹ́yìn wá béèrè pé tí gbogbo ìjà bá parí, ṣé àwọn yàrá yẹn máa ń padà sí bí wọ́n ṣe wà? Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi. Ọ̀pá tó ta síta lè padà wọlé, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n dendritic cell tó ti jí, tó ti dé lymph node, kì í sábà padà di èyí tí ò tíì rí ewu mọ́. Ọjọ́ díẹ̀ ló máa ń lò níbẹ̀, á kú. Inú mùdùnmúdùn egungun làwọn tuntun ti ń jáde lójoojúmọ́, wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan mì, MHC wọn á ṣì wà nínú yàrá róbótó yẹn, ásíìdì ẹ̀ ò sì ní tíì ga.